Ojú Tí Òfin Kò Fẹ́ Kí Á Rí

Ní ọdún 2017, ilé àfihàn àwòrán Tate Britain ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwòrán Oscar Wilde kọ́ sára ògiri, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan sí tòsí rẹ̀. Àwòrán náà ga tó ènìyàn lóòró. Robert Goodloe Harper Pennington, ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀dà yà á nígbà tí Wilde jẹ́ ẹni ọdún 27, tí orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ròkè láàárín àwọn òǹkọ̀wé: ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ kóòtù gígùn, tó dúró bí ẹni tó mọ̀ pé ayé ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ilẹ̀kùn náà ni ti yàrá C.3.3 ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Reading. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Wilde yìí kan náà mọ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára tí ilé ẹjọ́ dá fún un ní May 25, 1895. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ní àjọṣepọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin bíi tirẹ̀.

Mo wà lára àwọn tó lọ wo àfihàn náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kiri, nínú ilé àfihàn àti nínú ìwé, nítorí ó hàn sí mi pé wọ́n ń ṣe ohun tí ẹjọ́, ìwàásù àti àríyànjiyàn kì í ṣe. Wọ́n ń jẹ́ kí a rí ojú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ìrísí wọn kò bá ohun tí ayé ń retí lára ọkùnrin tàbí obìnrin mu, ẹ̀yìn wọn la máa ń sọ ọ́ sí. Àwòrán ló ń gbé wọn wá síwájú wa.

Àkọlé àfihàn náà ni Queer British Art 1861–1967. Clare Barlow ló ṣe ètò rẹ̀, ó sì wà ní ṣíṣí láti April 5 títí di October 1. Òfin ló bí ọdún méjèèjì tó wà nínú àkọlé yẹn. Títí di 1861, ikú ni ìdájọ́ ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjì tí wọ́n so kọ́ kẹ́yìn, James Pratt àti John Smith, kú ní iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní November 27, 1835. Ní 1861, wọ́n mú ikú kúrò, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò rẹ̀. Ní 1885, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó fi lè mú ọkùnrin méjì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n wà. Òfin yìí ló mú Wilde. Ó di July 27, 1967 kí wọ́n tó gbà pé ọkùnrin méjì tó ti pé ọdún 21 lè ní àjọṣepọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láìṣẹ̀ sí òfin, England àti Wales nìkan sì ni. Scotland dúró di 1980, Northern Ireland di 1982. Òfin náà kò dárúkọ obìnrin rárá, ṣùgbọ́n ìtìjú àti ìbẹ̀rù kò yọ obìnrin sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí Tate Britain dúró lé, ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Millbank wà, létí odò Thames, kí wọ́n tó wó o, tí Henry Tate tó fi òwò ṣúgà là sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé àwòrán síbẹ̀. July 1897 ni wọ́n ṣí i. Oṣù méjì ṣáájú, ní May 1897, ni Wilde jáde lẹ́wọ̀n. Ó gba 120 ọdún kí àwòrán rẹ̀ yìí tó wọ inú ilé náà gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì.

Àwòrán tí wọ́n gbé pamọ́

Ìrìn àjò àwòrán yẹn fúnra rẹ̀ tó ìtàn. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni fún Wilde àti Constance ìyàwó rẹ̀ ní 1884, wọ́n sì gbé e kọ́ sínú ilé wọn ní Tite Street, ní Chelsea. Nígbà tí ẹjọ́ dé, gbèsè tẹ̀lé e. Ní 1895, wọ́n lu ẹrù ilé náà ní gbàǹjo: ìwé, àga, títí kan nǹkan ìṣeré àwọn ọmọ Wilde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òǹkọ̀wé, Ada Leverson, ló ra àwòrán náà kó má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọkọ Leverson kò fẹ́ kí àlejò bá ojú Wilde nínú ilé òun, nítorí náà wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Lónìí, ilé ìkàwé William Andrews Clark ní Los Angeles ló ni ín.

Ẹ ronú sí i. Ọ̀dà ara àwòrán náà kò ṣí kúrò níbi tó wà. Kóòtù gígùn yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Láàárín oṣù díẹ̀ péré, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ di ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bò. Àwọn tó ń wò ó ló yí padà. Mo rò pé ibí yìí ni ìkà irú òfin bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù: ó ń mú ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ń sọ ọ̀rẹ́ di ẹni tó ń tijú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Simeon Solomon, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn náà pẹ̀lú. Júù ni, inú ìdílé ayàwòrán ni wọ́n bí i sí. Abraham ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti Rebecca ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń fi ọ̀dà ṣiṣẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Kò tí ì pé ẹni ọdún 25 nígbà tó ya Sappho, akéwì obìnrin ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tó ti gbá Erinna, akéwì bíi tirẹ̀, mọ́ra nínú ọgbà òdòdó. Ọdún 1864 nìyẹn, nígbà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè ba ti ayàwòrán jẹ́. Ní 1873, àwọn ọlọ́pàá mú Solomon pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn nínú ilé ìtọ̀ gbogbogbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá a jẹ, tó ń bá a mu, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ń yàwòrán lọ láìdáwọ́ dúró, àmọ́ kò rí ẹni gbé e ró. Ilé àwọn aláìní ní St Giles ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1905.

Gluck wò wá lójú

Nínú gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, iwájú ti Gluck ni mo ti dúró pẹ́ jù. Wọ́n bí Gluck ní 1895 sínú ìdílé Gluckstein, àwọn Júù olówó tó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ oúnjẹ J. Lyons sílẹ̀. Hannah ni orúkọ àbísọ, ṣùgbọ́n Gluck fi orúkọ náà sílẹ̀, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọ kóòtù àti táì lọ sí òde, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ṣáájú orúkọ òun tàbí kí ó fi nǹkan kan tẹ̀lé e. Gluck, ó tán.

Àwòrán tí Gluck ya ara rẹ̀ ní 1942 kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìwé tí a fi ń kọ lẹ́tà lọ. Orí àti ọrùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wo ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ dì. Kò sí ẹ̀bẹ̀ lójú yẹn. Kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ láti wá wo ènìyàn abàmì, òun fúnra rẹ̀ ni wọn yóò wò títí tí ara rẹ̀ yóò fi máa kọ́ ọ. Mo rí àwọn tó súnmọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀rín, tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé iwájú rẹ̀. Ní 1973, Gluck fi àwòrán náà ta National Portrait Gallery lọ́rẹ, ilé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó ojú àwọn ọba, olóṣèlú àti akéwì rẹ̀ sí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Gluck jáde láyé.

Gluck ya òmíràn ní 1936 tí wọ́n ń pè ní Medallion. Orí méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí àwọn méjèèjì ń wo iwájú kan náà: Gluck àti Nesta Obermer, obìnrin tó fẹ́ràn. Gluck ka àwòrán yìí sí àmì ìgbéyàwó wọn. Ẹ rántí pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó lè so irú wọn pọ̀ nígbà náà, kò sí kọ́ọ̀tù, kò sí òbí tí yóò gbàdúrà sí wọn lórí. Ọ̀dà ni Gluck fi ṣe ẹlẹ́rìí. Bákan náà ni David Hockney, ọmọ Bradford, ṣe fi ọ̀dà sọ irú ẹni tí òun jẹ́ ní 1960, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Art tó ya Going to be a Queen for Tonight. Ó ku ọdún méje kí òfin tó yí padà. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀ fún un.

Ohun kan wà tí àfihàn Tate kò ní tó. Ojú àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ọlá. Kò yani lẹ́nu, nítorí ẹni tó lówó ló ń pe ayàwòrán wá sílé. Ènìyàn dúdú àti òṣìṣẹ́ máa ń wọ inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún kó lè jókòó. Ní 2022, Pallant House Gallery ní Chichester pàtẹ iṣẹ́ Glyn Philpot, ayàwòrán tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Henry Thomas. Wọ́n pàdé ní 1929, Thomas sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tó ń jókòó fún àwòrán títí Philpot fi kú ní 1937. Ojú Thomas lẹ́wà nínú àwọn àwòrán náà, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ yà á. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò pọ̀ nínú àkọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tó wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó di gègé mú ló ń pinnu ohun tí ojú ẹlòmíràn yóò sọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì kí á mọ ẹni tó yàwòrán, àti ọ̀nà tó gbà yà á.

Àga tó wà nílé Alice Neel

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ilé àfihàn Victoria Miro ní Wharf Road, Lọ́ńdọ̀nù, pàtẹ At Home: Alice Neel in the Queer World. Hilton Als, òǹkọ̀wé dúdú ọmọ New York tí òun náà nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, ló ṣa àwọn iṣẹ́ náà jọ. Los Angeles ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàtẹ wọn ní 2024. Neel kò sí láyé mọ́. 1900 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1984. Ọkọ ló fẹ́, Carlos Enríquez, ayàwòrán ọmọ Kúbà. Ọmọ ló bí. Ìyà ló jẹ. Àkọ́bí rẹ̀ kú ní kékeré, ọkùnrin kan tó ń bá gbé sì fi ìbínú jó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ níná, ó fi ọ̀bẹ ya àwọn mìíràn. Nígbà tí gbogbo New York ń yìn àwọn tó ń ya àwòrán tí kò ní ojú, tí kò ní imú, Neel ní ènìyàn ni òun yóò máa yà. Ó ya àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Spanish Harlem, àwọn talaka, àwọn aboyún, àwọn ènìyàn dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ó ti di ẹni ọdún 74 kí ilé àfihàn Whitney tó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé rí.

Neel kì í lọ bá ènìyàn láàfin. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó sórí àga rẹ̀, á máa bá wọn sọ̀rọ̀, á máa yà wọ́n, títí tí ara wọn yóò fi balẹ̀ tí wọ́n yóò gbàgbé láti ṣe fújà. Nínú àwọn tó jókòó bẹ́ẹ̀ ni Jackie Curtis tó jẹ́ òṣèré, àti Ritta Redd, tó yà pa pọ̀ ní 1970, àwòrán tó wà ní ilé àfihàn Cleveland báyìí. Jackie wọ síkẹ́ẹ̀tì, ó kun ojú àti ètè, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ti lu, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Neel kò rán ihò náà, kò sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní 1972, ó tún ya Jackie kan náà nínú aṣọ ọkùnrin. Ẹni kan ni, ìrísí méjì, Neel sì bọ̀wọ̀ fún méjèèjì.

Ní 1970 yẹn náà ló ya Andy Warhol, ayàwòrán bíi tirẹ̀. Gbogbo ayé mọ Warhol gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi awòjú dúdú àti irun àtọwọ́dá sá fún ènìyàn. Ọdún méjì ṣáájú ni obìnrin kan ti yìnbọn fún un, tí ó kù díẹ̀ kó kú. Lọ́dọ̀ Neel, Warhol bọ́ aṣọ òkè rẹ̀. Àpá iṣẹ́ abẹ hàn ní gbogbo àyà rẹ̀, bẹ́líìtì tí àwọn dókítà fi di ikùn rẹ̀ hàn pẹ̀lú, ó sì di ojú méjèèjì. Kò sí òkìkí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n pa lára ló jókòó síbẹ̀. Àwòrán yẹn wà ní Whitney, ó sì wà lára ohun tó mú mi gbàgbọ́ pé ìfẹ́ wà nínú wíwo ènìyàn dáadáa. Kì í ṣe dandan kí ayàwòrán jẹ́ irú ẹni tó ń yà. Neel kì í ṣe ọkùnrin, kò sì gbé irú ayé tí Warhol àti Jackie gbé. Aládùúgbò rere ni, ó fún wọn ní àga, ó sì ya ohun tó rí.

Òfin tó bá ọkọ̀ ojú omi wá

Ẹni tó ń ka èyí lè béèrè pé kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Òyìnbó. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Wilde àti òfin tó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Samuel Griffith ló kọ ìwé òfin ọ̀daràn fún Queensland ní ilẹ̀ Australia, èyí tó di òfin ní 1899. Ìjọba amúnisìn mú irú rẹ̀ wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, wọ́n sì nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Abala 214 wà nínú rẹ̀, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ méjèèjì gba irú ìfẹ́ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kò ti ẹnu ọba tàbí ìjòyè Yorùbá kankan jáde.

Àwọn tó gbé òfin náà wá ti jáwọ́ nínú rẹ̀ nílé tiwọn. Ní January 2017, oṣù díẹ̀ ṣáájú àfihàn Tate, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó dárí ji ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ti kú, tí wọ́n dá lẹ́bi lábẹ́ àwọn òfin àtijọ́ yẹn. Ní April 2018, Theresa May, olórí ìjọba wọn nígbà náà, sọ níwájú àwọn olórí Commonwealth ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun kábàámọ̀ irú òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìn sí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, òfin náà tún ti bí ọmọ. Ní January 7, 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, tó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí ẹgbẹ́ wọn, ìpàdé wọn, àti kí wọ́n fi ìfẹ́ wọn hàn ní gbangba. Ta ni yóò pàtẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ọkàn rẹ̀ má sì já?

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin South Africa ti 1996 kọ ìyà jíjẹ nítorí irú ẹni tí ènìyàn fẹ́ràn. Ní 2006 ni Zanele Muholi, ọmọ orílẹ̀-èdè náà, bẹ̀rẹ̀ Faces and Phases, fọ́tò ojú àwọn obìnrin dúdú tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin àti àwọn tó yí ìrísí wọn padà láti ti akọ sí abo tàbí láti ti abo sí akọ. Wọ́n ti lé ní 500 báyìí. Muholi jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kì í ṣe àlejò tó wá wò wọ́n. Òfin rere kò dá ìwà ipá dúró níbẹ̀; àwọn kan nínú àwọn tí Muholi ya ti kú. Ṣùgbọ́n ojú wọn wà, orúkọ wọn wà, ọdún tí wọ́n ya wọ́n sì wà.

Àwọn ọmọ tiwa

Yorùbá mọ iṣẹ́ ojú ènìyàn. Orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí Òyìnbó tó dé, títí dòní ni ayé sì ń ya ẹnu sí i. Ní Ọ̀wọ̀ nígbà kan, wọ́n máa ń gbẹ́ ère àkó tó jọ olóògbé, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, kí ẹni tó lọ má baà di ẹni ìgbàgbé. Kí á tọ́jú ojú ènìyàn kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa.

Rotimi Fani-Kayode mọ èyí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, nínú ìdílé ńlá kan tó ti Ifẹ̀ wá. Baba rẹ̀ ni Olóyè Remi Fani-Kayode, igbákejì Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ìdìtẹ̀ gbàjọba 1966 ló lé wọn dé Brighton. Ọmọdé ni nígbà náà, ó sì ku ọdún kan kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí padà. Kámẹ́rà ló lò, kò lo ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó to ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ bí ayàwòrán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1988 pé àjèjì ni òun ní ọ̀nà mẹ́ta: nípa irú ẹni tí òun fẹ́ràn, nípa ilẹ̀ tí òun ti kúrò, àti nítorí pé òun kò di ọmọ ìwé tó gbéyàwó, tó ní iṣẹ́ gidi bí òbí òun ti retí. Síbẹ̀, ó kó òrìṣà lọ́wọ́ lọ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Bronze Head, tó yà ní 1987, orí idẹ bíi ti Ifẹ̀ pàdé ara ọkùnrin dúdú. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Autograph sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ayafọ́tò dúdú, òun sì ni alága wọn àkọ́kọ́. Ó kú ní December 1989, kò tí ì pé ẹni ọdún 35.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bí Fani-Kayode, ní 1985, wọ́n bí Toyin Ojih Odutola ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni baba rẹ̀, Igbo ni ìyá rẹ̀, Alabama ní Amẹ́ríkà ló sì dàgbà sí. Èédú, ẹfun aláwọ̀ àti pẹ́ńsù ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń to ìlà lé ìlà lórí ara àwọn ènìyàn rẹ̀ títí tí awọ wọn yóò fi máa dán bí aṣọ òfì tí oòrùn bà. Láti October 2017 sí February 2018, Whitney pàtẹ To Wander Determined, ojú ọlọ́lá ilẹ̀ Nàìjíríà kan tí Ojih Odutola fi ọkàn ara rẹ̀ dá. Ìdílé méjì ló wà nínú ìtàn náà, UmuEze Amara àti Obafemi. Ìgbéyàwó ló so wọ́n pọ̀: Temitope Omodele láti ilé Obafemi, àti ọkọ rẹ̀, Jideofor Emeka láti UmuEze Amara. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ojih Odutola tilẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe akọ̀wé ilé wọn, bí ẹni pé wọ́n kàn ní kó kó àwòrán inú ilé wọn jáde fún aráyé rí ni.

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára ni ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹ̀rù, kò sí ìyá tó ń sunkún. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n wọ aṣọ olówó iyebíye, wọ́n ń wo ọ̀nà jíjìn, ara tù wọ́n. Ìgbéyàwó ọkùnrin méjì yẹn kò fa ariwo nínú ìtàn ìdílé náà. Àwọn àwòrán Tate sọ fún wa ohun tí wọ́n fi ojú àwọn ènìyàn rí. Ti ọmọ Ifẹ̀ yìí sọ bí ojú náà yóò ti rí nígbà tí wọn kò bá ní ohun tí wọ́n ń sá fún.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu òfin la ti gbọ́, ẹnu oníwàásù la ti gbọ́, ẹnu olóṣèlú tó ń wá ìbò la ti gbọ́. Àwọn tí ẹjọ́ náà wà lórí wọn, ta ló gbọ́ tẹnu wọn? N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé Bíbélì tàbí Kùránì òun kò fara mọ́ irú ìfẹ́ yìí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kò sí ẹ̀sìn tó ní kí á dijú nígbà tí wọ́n bá ń na ọmọ ẹlòmíràn ní àárín ọjà, tàbí kí ọlọ́pàá máa gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé sí National Portrait Gallery, ẹ lọ béèrè Gluck níbẹ̀. Ẹ̀yin ayàwòrán wa, ẹ má jẹ́ kí àwọn àjèjì nìkan máa ya ojú àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ pé nínú pálọ̀ Yorùbá, ara ògiri la ti ń mọ ìdílé: fọ́tò bàbá àgbà, ti ìgbéyàwó, ti ọmọ tó gba oyè ní yunifásítì. Bí ẹ bá ti yọ fọ́tò ọmọ kan kúrò níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e padà. Ọmọ yín ṣì ni.